Ta Ni Ó Ni Àwòrán Tí A Wò Yà?

Ní nǹkan bí ọdún 1872, Paul Cézanne, ọmọ olówó kan tí ó ni ilé ìfowópamọ́ ní ìlú Aix ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó ti pé ọdún 33 láyé, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, tí ó sì ti ń ya àwòrán tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tí ó kà á sí, tọ Camille Pissarro lọ, ayàwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ àgbà fún un, ó sì yá àwòrán kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri kí àlejò lè máa wò ó. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó gbé aṣọ ìyàwòrán tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó to ọ̀dà olóróró sórí pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tí ọ̀gá ti yà ní 1871: ọ̀nà kan ní abúlé Louveciennes ní tòsí Paris, pẹ̀lú àwọn ilé àti igi rẹ̀, àti obìnrin kan tí òun àti ọmọ kékeré kan jọ wà lójú ọ̀nà. Àwòrán ọ̀gá fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 116, ó sì ga ní 90; èyí tí ọmọ-ẹ̀kọ́ yà kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan bí 92 ni ìbú rẹ̀, 73 sì ni gíga rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni, igi kan náà, obìnrin kan náà.

Cézanne yìí ni Matisse àti Picasso, àwọn ayàwòrán ńlá, wá kà sí bàbá nígbà tí ó yá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwòrán àyálò yìí kò fi jẹ́ kí n sinmi: bí ẹni tí yóò di bàbá fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá lè jókòó bí ọmọ ilé-ìwé, kí ó máa tọ ipasẹ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn láti etí aṣọ kan dé etí kejì, kí ni a ń pè ní iṣẹ́ ẹni? Níbo ni ti ọ̀gá parí sí, níbo sì ni ti ọmọ-ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Àti pé, níwájú Ẹlẹ́dàá tí ó fún olúkúlùkù ní ojú méjì tirẹ̀, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí ènìyàn pa ojú tirẹ̀ tì kí ó máa fi ti ẹlòmíràn wo ayé?

Àwọn kan wà tí wọn yóò ti dá wa dúró kí á tó dé ibẹ̀. Onígbàgbọ́ tí ó di òfin kejì mú ṣinṣin yóò ní kí ni ó kan àwa pẹ̀lú àwòrán ohun tí ń bẹ lókè ọ̀run tàbí ní ilẹ̀ nísàlẹ̀. Mùsùlùmí yóò rán wa létí hàdíìsì tí ó sọ pé ní Ọjọ́ Ìdájọ́ a ó pàṣẹ fún ẹni tí ó ya ohun ẹlẹ́mìí pé kí ó mí ẹ̀mí sínú ohun tí ó dá, kò sì ní í lè ṣe é. Àwòrán Louveciennes ìbá bọ́ díẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí, nítorí igi àti ilé ni ó kún inú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti gbà pé ẹni tí ó bá ya igi kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn àti ọmọ yẹn wà lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹ̀yìn igi tí a lè fi wọ́n pamọ́ sí. Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìkì, kò tilẹ̀ dúró de Ọjọ́ Ìdájọ́ kí ó tó dá ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ lórí bí ìlú tí ó tòrò ṣe yẹ kí ó rí, ó ní ibùsùn mẹ́ta ni ń bẹ, èyí tí Ọlọ́run dá, èyí tí káfíńtà kàn, àti èyí tí ayàwòrán yà, tí èyí ìkẹyìn sì jìnnà sí òtítọ́ ju àwọn yòókù lọ. Bí a bá tẹ̀ lé ìṣirò rẹ̀, Cézanne, ẹni tí ó ya àwòrán àwòrán, ti bọ́ sí ipò kẹrin, ó sì kù díẹ̀ kí ó bọ́ sóde pátápátá.

Àwọn baba wa kò gba ọ̀nà tí Plato gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Lójú tiwọn, Olódùmarè, Ọ̀yígíyigì, Ọba Atẹ́rẹrẹkáyé, Ọba tí kì í kú tí kì í sùn, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ènìyàn. Ó fi amọ̀ lé Ọbàtálá lọ́wọ́, Òrìṣà-ńlá aláṣọ funfun, alámọ̀ tí ń mọ ojú, tí ń mọ imú, tí ó sì mọ abuké mọ́ ẹni gígùn láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó fi mímí èémí sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tí Òrìṣà bá ti mọ ara tán, a yẹ̀ sẹ́yìn, Ẹlẹ́mìí a sì ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tí a mọ yóò gba ọ̀dọ̀ Àjàlá lọ, Àjàlá alámọ̀ tí ń mọ orí, onígbèsè tí í sá fún àwọn olówó rẹ̀, yóò sì yan orí tí yóò gbé wá sí ilé ayé. Ènìyàn kan ṣoṣo nìyẹn, tí ọwọ́ mẹ́ta kọjá lára rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tún fi yíyàn kún un, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó pe èkejì rẹ̀ ní olè. Ẹni tí ó bá ti gba ìtàn yìí gbọ́ kò ní í fi gbogbo ara bẹ̀rù ìrísí tí a wò yà. Ìrísí kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. A lè fà á lé ọwọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ohun tí ó ṣòro, tí ó sì yẹ kí á ṣe ìwádìí rẹ̀, ni èémí àti orí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ń kọ́ nílẹ̀ wa, tí wíwò àti títẹ̀lé ń ṣíwájú ohun gbogbo. Ọmọ awo a máa ké ẹsẹ Ifá tẹ̀ lé olúwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbọdọ̀ bù kún un, kò gbọdọ̀ bù kúrò nínú rẹ̀, kò sì sí ará ilé tí yóò pè é ní odídẹ. Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá láti ìdílé tí ó ti ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran, òun fúnra rẹ̀ sì ti mọ àáké àti ọ̀bẹ ọnà láti kékeré; síbẹ̀, ní nǹkan bí 1949, ó tún lọ jókòó sábẹ́ Bándélé, ọmọ Areògún gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ọ̀sì, ní ilé iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́tun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá rò pé ìwà ọmọdé ni Cézanne hù kò tíì jókòó sí ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi àti Ifá ti mọ́ wa létí jù. Ẹ jẹ́ kí á sún mọ́ ọ̀dà olóróró fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá fi ọwọ́ kàn án kò lè mọ ibi tí ìbéèrè náà ti ń ta ni lára. Ọ̀dà yìí, àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná ni, tí a fi òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ pò. Kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Omi a máa fò lọ sínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n òróró yìí, ńṣe ni ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le, nítorí náà ohun tí a bá fi kan aṣọ lónìí lè wà ní tútù di ọ̀túnla, kí á tún fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha á kúrò, kí á tún fi òmíràn síbẹ̀, kí á da àwọ̀ kan pọ̀ mọ́ òmíràn lórí aṣọ gan-an. Láyé àtijọ́, inú àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ń di ọ̀dà sí, bí wọ́n bá sì ti lu ú kò ní ìdérí mọ́. Ní 1841 ni John Goffe Rand, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ lórí túùbù onítánganran tí a lè fún, tí a sì lè dé padà. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ó rọrùn fún Pissarro, Monet àti àwọn ẹgbẹ́ wọn láti gbé gbogbo ẹrù iṣẹ́ wọn lọ sí ojú ọ̀nà àti etí odò, kí wọ́n sì ya oòrùn níbi tí oòrùn gbé wà. Àwọn yìí ni wọ́n kó iṣẹ́ wọn jọ hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Paris ní 1874, tí akọ̀wé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Louis Leroy fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, tí orúkọ yẹ̀yẹ́ náà, Impressionist, sì di èyí tí ayé fi ń pè wọ́n títí di òní olónìí.

Èmi pẹ̀lú ti jókòó nínú yàrá ní Ìbàdàn, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí Pissarro yà, èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé, síwájú mi, mo sì ń wò ó yà. Òjìji igi kan dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Ojú mi ti sọ fún mi pé dúdú ni, kí n tó wò ó dáadáa rárá, bí ó ti jẹ́ pé a kì í wo òjìji, ṣe ni a kàn ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo wá gé ihò kékeré kan sí àárín páálí funfun, mo gbé páálí náà lé àwòrán kí ihò rẹ̀ lè bọ́ sórí òjìji nìkan, kí gbogbo ohun tí ó yí i ká sì fara pamọ́. Elésè àlùkò ni mo rí. Elésè àlùkò tí ó rọ̀, tí aró díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí pupa sì fi ara hàn ní apá kan. Kò sí dúdú níbẹ̀ rárá. Mo gbé páálí kúrò, ó tún di òjìji. Mo tún gbé e lé e, ó tún di elésè àlùkò. Bí ọ̀gá ti ṣe é gan-an nìyẹn, nítorí ìmọ̀ràn rẹ̀ fún Cézanne ni pé kí ó mú dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ kúrò lórí pákó rẹ̀, kí ó fi pupa, aró àti àwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí, yanjú ohun gbogbo tí ojú bá rí. Ọ̀kan nínú àwọn pákó Pissarro wà títí di ìsinsìnyí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Clark ní Amẹ́ríkà; ó ya ìran oko sí àárín rẹ̀, ó sì fi àwọn ọ̀dà tí ó fi yà á sílẹ̀ ní etí pákó náà, bí ẹni tí ó fẹ́ kí á mọ̀ pé òun kò fi àṣírí kankan pamọ́.

Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà tí a fi ṣe alábòójútó ìrẹṣọ ní ilé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú wọn. Wọ́n mú ẹjọ́ wá bá a pé dúdú tí wọ́n ń rẹ níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àbùkù lára rẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ojú rí i bí ó ti yẹ. Ní 1839 ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí bí àwọ̀ méjì tí ó wà nítòsí ara wọn ṣe ń yí ara wọn padà lójú ẹni tí ń wò wọ́n. (Mo rò pé bí ẹnikẹ́ni bá ti bi àwọn ìyá aláró wa ní Abẹ́òkúta, wọn ìbá ti gba ọkùnrin yìí lọ́wọ́ wàhálà díẹ̀.) Àwọ̀ kan kò dá nìkan jẹ́ ohun tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ èyí, yóò ṣòro fún un láti gbà mọ́ pé ènìyàn kan wà tí ó dá nìkan jẹ́ ohun tí ó jẹ́, láìsí ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ní ìrọ̀lẹ́, mo jáde, mo sì rí òjìji igi máńgòrò lórí ilẹ̀ pupa àgbàlá wa. Elésè àlùkò wà nínú rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí mi, mo sì ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá láti ìgbà tí mo ti ń rìn. Ta wá ni ó rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi tí ojú wà lórí mi, tàbí Pissarro, ará ìlú òkèèrè, ẹni tí ó ti kú láti 1903?

Níhìn-ín ni mo gbà pé ẹ̀sìn ní ohun kan láti sọ tí ó ju ìdènà lọ. Mùsùlùmí tí ó bá ń kí ìrun márààrún lójúmọ́ a máa ka Fátíhà ní ìgbà 17, ọ̀rọ̀ kan náà tí baba rẹ̀ kà, tí baba ńlá rẹ̀ kà, tí kò sì gbọdọ̀ yí ẹyọ kan padà nínú rẹ̀. Onígbàgbọ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a ṣí ìwé Orin Dáfídì, a sì fi ẹnu Dáfídì sunkún. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ẹni yẹn pé kì í ṣe òun ni ó gbàdúrà. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Dáfídì ni. A sì mọ̀ pé ẹkún tirẹ̀ ni. Ohun tí ó yá ni ó jẹ́ kí ó rí ibi tí yóò gbé ẹrù ọkàn rẹ̀ sí, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, bí ó bá ń padà síbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò la ẹnu tí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé yóò jáde. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní í gbàdúrà títí òun yóò fi rí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, mo bẹ̀rù pé yóò kú láìgbàdúrà. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ní òun kò ní í wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni yà, kí ojú òun má ba à díbàjẹ́. Irú wọn pọ̀ láyé òde òní, wọ́n sì sábà máa ń ya ohun kan náà.

Kì í ṣe pé olè kò sí o. Ó wà. Ní ilé Louvre ní Paris, tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1793, tí ó sì ti jẹ́ ibi tí àwọn ayàwòrán ti ń wo iṣẹ́ àwọn àgbà yà láti ìgbà náà, òfin ni pé àwòrán tí a bá wò yà kò gbọdọ̀ bá ti ọ̀gá dọ́gba ní ìbú àti gíga, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ọ̀gá buwọ́ lù ú. Òfin yìí gbọ́n ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ ayédèrú àti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ohun kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí búrọ́ọ̀ṣì wọn máa gba ibì kan náà, kí ó jẹ́ pé orúkọ tí a kọ sí ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò pín wọn níyà. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú yíyà, inú ahọ́n ni ó wà. Ní ti Cézanne, a kò lè fi ẹ̀sùn yìí kàn án: ní 1906, ọdún tí ó kú, tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ti ń rìn ìrìn-àjò wá sí Aix láti kí i, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé pé ọmọ-ẹ̀kọ́ Pissarro ni òun. Pissarro ti wà nínú sàréè ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Kò sí èrè kan tí yóò rí gbà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nílẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yìí mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Awùjalẹ̀, ẹni tí a bí ní 1882, kò ní ọ̀gá kankan tí ó lè yá àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó ń wò yà nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó, ó ń ya àwòrán àwọn ènìyàn ńlá ìlú, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ St John's Wood, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ Èkó bí a ti ń fi ọ̀dà sọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ di ìran tí ó jìn. Òun ni ó ń tẹnu mọ́ ọn létí ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ sí i, òyìnbó tí ó sì dé ní 1927, Kenneth Murray, gba ọ̀nà mìíràn: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ náà padà sí iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n má ṣe máa tẹ̀ lé ti òyìnbó. Ọ̀rọ̀ Murray dára, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó mọ ìwé ni yóò sì gbè é lẹ́yìn lónìí. Síbẹ̀ èmi kò lè gbàgbé pé àwọn kan ń sọ nígbà náà pé ọwọ́ adúláwọ̀ kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ọ́. Ọnàbólú kò lè fi ẹnu dá irú wọn lóhùn, búrọ́ọ̀ṣì ni ó lè fi dá wọn lóhùn, kò sì lè ní búrọ́ọ̀ṣì yẹn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo tiwọn yà. Ẹni tí ó ti yó ni í sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé oúnjẹ ilé ẹlòmíràn kò yẹ ẹ́.

Ó wá kù sí ibi tí Àjàlá wà. Kí ni ohun tí Cézanne kò lè yá? Nígbà ogun ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú àwọn ará Prussia, ní 1870 sí 1871, Pissarro kó ìdílé rẹ̀ sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ ogun ọ̀tá sì gba ilé rẹ̀ ní Louveciennes. Nígbà tí ó padà, ó bá a pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ti ṣègbé. Wọ́n ti tẹ́ àwọn àwòrán rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ọgbà, wọ́n ń rìn lórí wọn. A máa ń sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, ṣùgbọ́n èmi kò mọ ẹni tí ó lè dúró nínú ọgbà yẹn kí ó pa òwe náà. Ọdún yẹn kan náà ni ó jáde sí ojú ọ̀nà, tí ó ya ìyá kan àti ọmọ kan àti àwọn ilé tí ó ṣì dúró. Cézanne ní tirẹ̀ lo ìgbà ogun ní L'Estaque, létí òkun ìhà gúúsù, níbi tí ó sá sí kí wọ́n má ba à mú un wọṣẹ́ ológun. Ó lè yá ọ̀nà, ó lè yá igi, ó lè yá àwọ̀ òjìji. Kò lè yá pípadà-dé ọkùnrin yẹn. Bí a bá sì wo àwòrán tirẹ̀, a ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe nǹkan mìíràn láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ti fò lọ, ilé àti ògiri le sí i, wọ́n wúwo sí i, bí ẹni pé ó ń wá ìpìlẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀gá. Kò gbìyànjú láti yàtọ̀. Ó gbìyànjú láti jọ, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbìyànjú, ibi tí agbára náà sì ti kọ̀ fún un ni orí rẹ̀ ti yọ. Mo gbà pé bí orí ṣe ń fara hàn nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń sáré wá a kiri kì í rí i; orí a máa dúró de ènìyàn ní ibi tí ìgbọràn rẹ̀ bá ti dé òpin.

Àwọn méjèèjì wá jọ ń jáde lọ yàwòrán ní Pontoise àti Auvers ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, lójú ọ̀nà kan náà, lábẹ́ ojú ọ̀run kan náà. Wọ́n ní àgbẹ̀ kan dúró tì wọ́n, ó wò wọ́n pẹ́ títí, ó sì ṣàkíyèsí pé ńṣe ni Ọ̀gbẹ́ni Pissarro ń fi búrọ́ọ̀ṣì sọ aṣọ ṣó-ṣó-ṣó, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Cézanne, ńṣe ni ó ń rẹ́ ọ̀dà mọ́ ọn bẹẹrẹ. Lójú tèmi, kò sí akọ̀wé ìròyìn kan ní Paris tí ó tíì sọ ohun tí ó péye tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí kì í ṣe ti Cézanne. Ní 1885, Pissarro, tí ó ti di ẹni ọdún 55, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Georges Seurat, ẹni ọdún 25, tí ó lè jẹ́ ọmọ bíbí rẹ̀. Seurat ti ka ìwé Chevreul. Ó sì gbà pé kí á má ṣe po àwọ̀ lórí pákó mọ́, kí á tò wọ́n ní ẹ̀kán kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ojú ẹni tí ń wò ó fúnra rẹ̀ pò wọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀: àgbà yìí gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ọdún pípẹ́ jù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀kán bí ọmọ náà ti ń tò ó. Ní 1886, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ṣe àfihàn kẹjọ, tí ó jẹ́ èyí ìkẹyìn, òun nìkan nínú gbogbo wọn ni ó ti kópa nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Yàrá tí wọ́n kó iṣẹ́ Seurat sí sì ni ó ní kí wọ́n kó tirẹ̀ sí, pẹ̀lú ti Lucien ọmọ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò àwòrán kò fẹ́ràn rẹ̀, owó kò wọlé mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ń mi orí. Ó tẹra mọ́ ọn fún ọdún bíi mẹ́rin. Nígbà tí ó wá di nǹkan bí 1890, ó rí i pé títò ẹ̀kán lọ́kọ̀ọ̀kan ń falẹ̀ jù fún ohun tí òun ń lé, nítorí pé kí ó tó to ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́ mú ti lọ. Ó dágbére fún ọ̀nà náà láìbínú sí ẹni tí ó kọ́ ọ, ó sì tún padà sí ọ̀nà àti pápá rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tí ó mọ́ ju ti ìṣáájú lọ.